Kí la lè kọ tí wọ́n fi máa fi Ọ̀yọ́ sí Civilization VII?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń kàwé. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń gbá Civilization VII, géèmù kọ̀ǹpútà téèyàn fi ń darí orílẹ̀-èdè, láti ìgbà tó ti jáde ní oṣù kejì ọdún 2025. A ti mú Songhai, a ti mú Buganda, a sì ti fi Amina ti Zazzau ṣe olórí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n Yorùbá ò sí níbẹ̀. A fẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é pé kí wọ́n fi Ọ̀yọ́ sí àfikún tó bá tún ń bọ̀. Nǹkan mẹ́tàdínlógún la ti kọ sílẹ̀: ẹlẹ́ṣin tó lágbára ju ti gbogbo ayé lọ, Ṣàngó tó ń sán àrá pa ọ̀tá, Erédò Sùngbọ́ (odi àti yàrà ayé àtijọ́ yẹn), Aláàfin tó ń sọ Yorùbá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, báwo la ṣe máa kọ ọ́ tí wọn ò fi ní sọ ọ́ nù?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ kọ́kọ́ pa mẹ́rìnlá rẹ́ nínú mẹ́tàdínlógún yẹn.

Má bínú. Títo òfin géèmù niṣẹ́ mi. N kì í ya àwòrán, n kì í kọ kóòdù. Ohun tí ẹni tó ń gbá a lè ṣe, iye tó máa ná an, àti ibi tó máa já sí, ìyẹn ló wà lọ́rùn mi. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èmi ni wọ́n máa ń kó lẹ́tà àwọn tó ń gbá géèmù wa fún láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ju "ẹ fi tiwa sí i, kó sì lágbára" lọ. Mo máa ń kà á, inú mi á dùn sí ẹni tó kọ ọ́, màá sì gbé e sẹ́yìn, torí pé kò sóhun tí mo lè fi ṣe. Ẹ wo ẹlẹ́ṣin tó lágbára ju ti gbogbo ayé lọ yẹn. Màá kàn sọ 5 di 7, ó parí. Ẹni tó mú Ọ̀yọ́ á wá máa ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí ẹni tó mú Mongolia ń ṣe, aṣọ nìkan ló máa yàtọ̀.

Iye ọjà ni à ń wá nínú lẹ́tà. Kí lèèyàn máa rí gbà, kí ló sì máa fi san? Ẹni tó bá kọ méjèèjì pọ̀ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ mi.

Ohun kejì ni pé kẹ́ ẹ mọ àpótí tí wọ́n máa kó ẹrù yín sí. Nínú Civilization VII, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní agbára kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ó ní ọmọ ogun tàbí òṣìṣẹ́ tí ẹlòmíì ò ní, ó ní ilé tàbí iṣẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀, ó ní àwọn àṣà tó máa kọ́ díẹ̀díẹ̀, àti ilé àrà (Wonder) kan tó bá a tan. Tí ohun tẹ́ ẹ béèrè ò bá wọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ ń ní kí wọ́n kọ́ àpótí tuntun nìyẹn, àpótí tuntun sì lohun tó ń wọ́nwó jù níbi iṣẹ́ wa. Olórí náà ń wọ́nwó. Àwòrán rẹ̀ ń rìn, ojú rẹ̀ ń yí, ó sì ń sọ èdè rẹ̀, bí Amina ṣe ń sọ Haúsá. Géèmù yìí ti ya olórí sọ́tọ̀ kúrò lára orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹ béèrè Ọ̀yọ́ ná, kí Aláàfin ṣì dúró. Ẹ sì sọ sáà tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sáà kejì, Exploration, ló bá a mu jù.

Ó wá ku ẹṣin. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀.

Gbogbo ayé mọ̀ pé ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun. Ohun tí lẹ́tà kì í sọ ni pé ẹṣin ò rọrùn fún Ọ̀yọ́ láti ní. Òkè ọya ló ti ń rà á, lọ́wọ́ Tápà, Bàrìbá àti Haúsá. Bí ẹṣin bá sì sọ̀ kalẹ̀ wọ igbó kìjikìji, eṣinṣin tsetse á ṣe é bó ṣe máa ń ṣe ẹran ọ̀sìn, ẹṣin á rù, á sì kú. Ìdí nìyẹn tí agbára Ọ̀yọ́ fi gba ọ̀dàn kọjá, tó gba Ẹ̀gbádò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nítòsí òkun, níbi tí ọ̀dàn ti já igbó láàárín. Ìdí kan náà ló fi ṣeé ṣe fún un láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dahomey láti 1730 títí Ghezo ọba wọn fi kọ̀ ọ́ ní 1823, nígbà tí àwọn ìlú inú igbó tó sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ń wò ó láti ẹ̀yìn igi. Agbára ńlá rèé, a ń rà á ni, ibi tó lè dé sì níwọ̀n. Olófin géèmù kan ò ní rí èyí kó má nawọ́ gán an.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́, nítorí náà mo dán an wò lọ́jọ́ Sátidé. Mo gé páálí bisikíìtì, mo fa ìlà ilé mẹ́jọ ní mẹ́jọ sí i, mo fi èédú kun ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀, igbó nìyẹn. Mo fi ilé ẹ̀gbẹ́ òsì sílẹ̀ láìkùn títí dé ìsàlẹ̀, ọ̀nà Àjàṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ ayò di ẹlẹ́ṣin, ìdérí mínírà di àwọn ará inú igbó. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kó wá mú Ọ̀yọ́.

Òfin tí mo kọ́kọ́ fún un ò ju ọ̀kan lọ: ẹlẹ́ṣin tó bá sùn nínú igbó kú. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Kò sì wọ igbó rárá. Ó jókòó sókè, ó ń ra ẹṣin, ọmọ ayò ń pọ̀ sí i níwájú rẹ̀, ó kàn án, ó kàn mí, bẹ́ẹ̀ la ṣe títí dé ìgbà kejìlá. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé bá a ṣe máa ṣe é nìyí?" Òótọ́ ló sọ. Òfin tó ń fìyà jẹni nìkan, ẹni tó ń gbá géèmù á kàn yà fún un ni.

Mo wá fi méjì kún un. Ẹni tó bá di Àjàṣẹ́ mú á máa gba ẹyọ owó mẹ́ta nígbàkígbà tó bá kàn án, ẹṣin kọ̀ọ̀kan á sì máa jẹ ẹyọ kan. Kíá ló gba ọ̀nà òsì sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró kó délẹ̀, mo fi ìdérí méjì dí ọ̀nà náà lágbedeméjì láti inú igbó. Owó rẹ̀ dúró, ẹṣin rẹ̀ ò sì dúró oúnjẹ. Tó bá fẹ́ la ọ̀nà náà, àfi kó wọ inú èédú, kó sì sun oorun ẹ̀ẹ̀kan níbẹ̀ ó kéré tán. Ó gbé ọmọ ayò mẹ́rin lọ́wọ́, ó wo páálí, ó gbé méjì padà, ó tún wò ó. Kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mò ń tà jẹun.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan o. Páálí tèmi jọ ilẹ̀ wa, ti Civilization ò jọ ọ́. Nígbàkígbà téèyàn bá bẹ̀rẹ̀, máàpù tuntun ló máa ń hù. Bẹ́ ẹ bá kọ "àríwá" tàbí "Àjàṣẹ́" sínú òfin yín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Irú ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, báyìí: "Gbogbo Horses tí Ọ̀yọ́ bá rí gbà nípasẹ̀ òwò pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn ń fún ẹlẹ́ṣin rẹ̀ lágbára ìlọ́po méjì lórí ilẹ̀ gbalasa. Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ tó bá wà nínú igbó nígbà tí tọ́ọ̀nù parí máa fara pa." Ọ̀nà òwò tó ń gbé ẹrù ìlú kan wá fún ìlú míì ti wà nínú géèmù náà, ẹṣin ti wà níbẹ̀, igbó náà ti wà. Ẹ ò ní kí wọ́n kọ́ nǹkan kan. Tí ọ̀tá bá dá òwò Ọ̀yọ́ dúró, ó ti gé e lẹ́sẹ̀ láìju ọ̀kọ̀ kan, èyí sì dùn fún ẹni tó ń bá a jà pẹ̀lú.

Lára ohun tí Ọ̀yọ́ fi ń ra ẹṣin, èèyàn wà níbẹ̀. Àwọn tó máa ka lẹ́tà yín á ti mọ̀. Ẹ kọ ọ́ gbangba sínú àlàyé ìtàn, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ ò fẹ́ kó di bọ́tìnnì tí èèyàn á máa tẹ̀ kó lè rí owó. Lẹ́tà tó bá fọwọ́ bo ibẹ̀ máa ń jẹ́ kí n ṣiyèméjì nípa ìyókù.

Ìbéèrè kejì tí màá fi sílẹ̀ fún yín ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Nínú Civilization VII, ọ̀gágun tí wọ́n ń pè ní Commander ló ń kó ọmọ ogun jọ, òun nìkan ló ń gbọ́n sí i lójú ogun. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun rẹ̀, ó máa padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹ wá wo Kakaǹfò: lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta ó gbọ́dọ̀ lọ síbi tí Aláàfin bá rán an, láàárín oṣù mẹ́ta kó ṣẹ́gun padà wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn méjì: "Kakaǹfò máa ń tètè gbọ́n ju Commander mìíràn lọ. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun rẹ̀, kò ní padà mọ́." Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa yún yín láti fi ọdún mẹ́ta yẹn sí i, kí géèmù máa fipá rán ènìyàn lọ sógun. Ẹ má ṣe é. Ohun tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a láìbi í, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá pé ká yọ ọ́.

Ọ̀yọ́mèsì ni ẹ̀kẹta, òun ló sì le jù láti ṣe. Ìjòyè méje tó lè gbé igbá òfìfo fún ọba pé ìlú ti kọ̀ ọ́, Basọ̀run Gáà tó fi ogún ọdún jẹ gàba lórí àwọn Aláàfin títí Abíọ́dún fi gba agbára padà ní 1774, ìtàn wo ló dùn tó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá géèmù ni Aláàfin, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣí igbá òfìfo kó gbọ́ pé géèmù ti tán. Ẹ sọ igbá náà di gbèsè téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Sáà méjì àkọ́kọ́ nínú géèmù yìí máa ń parí pẹ̀lú ìdààmú, nítorí náà ẹ ní kí Ọ̀yọ́ lè yá Influence (ohun tí wọ́n ń ná láti fi bá orílẹ̀-èdè míì dúnàádúrà) lọ́wọ́ àwọn ìjòyè nígbàkígbà tó bá wù ú, láìsan án lójú ẹsẹ̀. Iye gbèsè tó bá kù sílẹ̀ nígbà tí ìdààmú dé, iye ìlú tí inú wọn máa bà jẹ́ sí i nìyẹn. Mo rò pé yóò gbà ju àfikún kan lọ kí wọ́n tó ṣe èyí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ kó wà nísàlẹ̀.

Àwọn tí mo ní kẹ́ ẹ pa rẹ́ ńkọ́? Ṣàngó tó ń sán àrá pa ọmọ ogun, géèmù yìí kì í ṣe irú rẹ̀. Erédò Sùngbọ́ gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó yẹ kó jẹ́ ilé àrà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ló ni ín. Bẹ́ ẹ bá fún Ọ̀yọ́, àwọn Ìjẹ̀bú á kọ lẹ́tà tiwọn, wọ́n á sì jàre. Ààfin tó ní kọ̀bì àti ọjà Akẹ̀sán níwájú rẹ̀ tó Ọ̀yọ́ ní ilé.

Ohun kan wà tí kò ná wọn lówó, tí kò sì sí nínú mẹ́tàdínlógún yín: orúkọ ìlú. Wọ́n máa nílò rẹ̀ tó bí ogún, ẹnikẹ́ni tó bá wà lọ́hùn-ún ló sì máa wá a kiri, á wá kọ "Saki" àti "Ogbomosho". Ẹ kọ ọ́ fún wọn: Ọ̀yọ́-Ilé, Ìkòyí, Ìgbòho, Ṣakí, Kìṣí, Ìsẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, ẹ máa bá a lọ. Ẹ fi àmì sí i pé pérépéré, kẹ́ ẹ sì ka orúkọ kọ̀ọ̀kan sórí fóònù kẹ́ ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́. Ẹ fi kún un pé lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ló dá wà, wọ́n á wá gbé ohùn lé e lórí, nítorí náà kí wọ́n fi Ògbómọ̀ṣọ́ dán fọ́ǹtì wọn wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí fọ́ǹtì náà ò bá mọ̀ ọ́n, àpótí òfìfo ló máa hàn lórí ìlú náà, á sì wà bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ẹni tó bá gbá a.

Ojú ìwé kan ni kí lẹ́tà náà jẹ́. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ gé páálí tiyín. Bí kò bá sí ẹni tó dákẹ́ láàárín yín, ẹ yí òfin ẹṣin náà padà kẹ́ ẹ tún un gbá.