Ẹgbẹ́ kékeré nílùú Astros

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Alief ni mò ń gbé níbí ní Houston. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kó àwọn ìbejì mi lọ wo béésíbọ́ọ̀lù àwọn Space Cowboys ní Sugar Land, ìlú tó wà lẹ́bàá Houston, a sì ń gbádùn rẹ̀. Ọkọ àbúrò mi ní owó ni mò ń fi ṣòfò, pé ta ní í wo ẹgbẹ́ kékeré nínú ìlú tí Astros, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù ńlá, wà. Ó tún ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tú ká, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọkàn àwọn ọmọ fà mọ́ ọn. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹgbẹ́ kékeré máa ń lọ lóòótọ́. Ó ti ṣojú mi. Àmọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá ló lé èyí tí mo mọ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé Houston ní 2001, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ wo Aeros, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín, ní Compaq Center. Ẹ mọ ilé náà: òun ni ìjọ Lakewood ń lò títí dòní. Inú fíríìjì ni èmi ọmọ Ìbàdàn ti mọ yìnyín. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí èèyàn tó ń sáré lórí rẹ̀, ọkàn mi sì lọ pátápátá. Ní 2003 wọ́n gba Calder Cup, ife tó ga jù ní líìgì wọn. Kò sí ẹgbẹ́ họ́kì ńlá kankan ní Houston tó ń bá wọn du èrò. Síbẹ̀, ní 2013, wọ́n kó lọ sí Des Moines ní Iowa, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ilé kò wọ̀ láàárín àwọn àti àwọn tó ń bójú tó gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò nígbà náà. Ayálégbé ni Aeros, Minnesota sì ni àwọn tó ni wọ́n wà. Aṣọ wọn ṣì wà nínú àpótí mi. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ wá wo ti Sugar Land. Ìlú yẹn fúnra rẹ̀ ló ni pápá tí wọ́n ń lò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Skeeters ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ nígbà yẹn, ìyẹn ẹ̀fọn, wọn ò sì sí lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kankan. Lọ́dún yẹn, ìgbà 107 ni Astros fìdí rẹmi nínú 162. Ní oṣù kẹjọ, Roger Clemens, gbajúgbajà ajùbọ́ọ̀lù tó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún, wá ju bọ́ọ̀lù fún Skeeters, èrò tó lé ní 7,000 sì ya bò wọ́n.

Ọkọ àbúrò yín lè ní àìlera Astros ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ sọ ti St. Paul ní Minnesota fún un. Ní 1991, Twins, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù ńlá tó wà ní Minneapolis, ìlú tó fara kan St. Paul, gba World Series, ife tó ga jù nínú béésíbọ́ọ̀lù. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dá Saints, ẹgbẹ́ kékeré, sílẹ̀ ní St. Paul, wọ́n sì rí èrò. Abẹ́ òrùlé Metrodome ni Twins ti ń gbá ti wọn nígbà yẹn. Ìta gbangba ni Saints wà, nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ ló sì ń gbé bọ́ọ̀lù lọ fún adájọ́. Àwọn tí òtútù ti sé mọ́lé fún oṣù mẹ́fà, ẹ ò rí i pé oòrùn ni wọ́n ń sanwó fún!

Ní tiwa níbí, Astros ra Skeeters ní ìparí 2020, wọ́n sì sọ orúkọ wọn di Space Cowboys ní 2022. Àpò kan náà ni àwọn méjèèjì wà báyìí. Astros ló ń san owó àwọn eléré, òun ló sì ń mú wọn lọ nígbàkígbà tó bá wù ú. Ohun tó ń dun àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kékeré jù nìyẹn. Lọ́dún 2022, èmi àti àbíkẹ́yìn mi ń lọ wo Hunter Brown, ajùbọ́ọ̀lù kan, ní Sugar Land. Oṣù kẹsàn-án dé, Astros pè é. Ọmọ mi sunkún. Ní oṣù kọkànlá, Astros gba World Series, ọmọ kan náà ń pariwo káàkiri ilé pé, "Òun la mọ̀! Òun la mọ̀!" Láìsí Sugar Land, níbo ni ì bá ti mọ̀ ọ́n? Ní 2024, Space Cowboys gba ife gbogbo Triple-A, ìpele tó ga jù fún àwọn ẹgbẹ́ kékeré, bí a ṣe ń mú eléré lọ́wọ́ wọn tó.

Ooru nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Pápá Astros ní òrùlé àti ẹ̀rọ amúlétutù, ti Sugar Land kò ní. Nínú oṣù keje, alẹ́ ni kí ẹ máa lọ, kí àwọn ọmọ dé fìlà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mu omi dáadáa. Tí ẹgbẹ́ bá ti wá sílé, ọjọ́ Tuesday sí Sunday ni wọ́n sábà ń gbá a, nítorí náà ẹ mú Wednesday tàbí Thursday, èrò kì í pọ̀ jù.

Ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kan fún ọkọ àbúrò yín. Ẹ mú un jókòó sítòsí ibi tí àwọn ajùbọ́ọ̀lù ti ń gbára wọn gbóná, kó gbọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dún nínú ìbọ̀wọ́.