Òkúta méjì lójú ọ̀run: báwo la ṣe wọ̀n wọ́n láì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tíṣà físíìsì ni mí, SS2 ni mo ń kọ́. Òfin Kepler là ń ṣe lọ́wọ́ tí mo fi dárúkọ Didymos àti Dimorphos, àwọn òkúta méjì tí Amẹ́ríkà lọ fi ọkọ̀ kọlù ọ̀kan nínú wọn ní 2022. Ni ọmọ kan bá dìde, ó ní "sà, ẹ ṣì ń sọ pé nínú tẹlisíkóòpù ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí, báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé méjì ni, ta ló sì lọ wọ̀n wọ́n?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ṣe ìṣirò tí àwọn ọmọ lè fi kakuléítọ̀ ṣe. Ṣé tẹlisíkóòpù kékeré tí iléèwé wa ní, ti ínṣì mẹ́rin, lè rí i? Àti pé àwọn òbí kan ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ìkọlù yẹn ti darí òkúta náà sọ́dọ̀ wa, ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn o, torí ohun tó bi yín yẹn gan-an la fi ń jẹun. Ká sọ òótọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ásítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po, tó ń kọjá nítòsí ayé, a ò mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó, ìmọ́lẹ̀ wọn nìkan la rí, ìyókù àfojúbù ni. Àmọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá lọ ní òkúta kékeré kan tó ń yí i po, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn, a máa wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ ńbí, aago la sì máa fi wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1996 ni Joe Montani tó ń bá Spacewatch, àwọn tó ń wá ásítẹ́rọ́ìdì, ṣiṣẹ́ lórí òkè Kitt Peak ní Arizona rí Didymos, 1996 GT ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ẹyọ tóótó kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di oṣù kọkànlá 2003 tó sún mọ́ wa dáadáa, nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 kìlómítà, ni Petr Pravec tó wà ní Ondřejov ní ilẹ̀ Czech àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá dojú kámẹ́rà kọ ọ́, wọ́n ń wọn ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lálaalẹ́.

Ohun tí wọ́n rí rèé. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, gbogbo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 16 ló sì ń tún ara ẹ̀ ṣe. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, òkúta tó rí gbágungbàgun tó ń pòyì lójú kan ni, tí ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ bá kọjú sí wa á mọ́lẹ̀ díẹ̀, tí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bá dé á dín. Àmọ́ ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú gíráàfù, nǹkan míì ṣì kù ńlẹ̀: ìmọ́lẹ̀ á kàn já wálẹ̀, á dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, á padà sókè, lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 6 á tún já, tí èyí àkọ́kọ́ á wá padà dé lẹ́yìn wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55. Òkúta kan ṣoṣo ò lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Kékeré kan ló ń kọjá níwájú ńlá tó ń bo díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, tó bá yá á gba ẹ̀yìn lọ, ńlá á sì bò ó. Ẹni tó bá dàgbà tó láti rántí ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2006 tí òṣùpá bo oòrùn mọ́ wa lójú láàárọ̀, nǹkan kan náà ni, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń dín ní tibí yìí ò ju ìdá mélòó kan nínú 100 lọ, ẹni tó bá fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n nìkan ló lè mọ̀.

Lọ́jọ́ mélòó kan yẹn náà ni tẹlisíkóòpù ńlá Arecibo ní Puerto Rico ju ìgbì rédà sí i, méjì ló sì padà wá, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, àríyànjiyàn parí. (Ó ṣì ń dùn mí pé Arecibo wó lulẹ̀ ní oṣù kejìlá 2020.) Ẹ rántí pé rédà náà aago ni, ìgbì tó bá kan òkúta tó wà níwájú á ṣáájú tẹ̀yìn padà dé, ìyàtọ̀ àárín wọn la fi ń mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Láti àárín ńlá dé àárín kékeré, wọ́n tún un wọ̀n títí ó fi dúró sí nǹkan bí 1.19 kìlómítà.

Ó yá, kí wọ́n mú kakuléítọ̀. Òfin Kepler ìkẹta bí Newton ṣe tún un kọ ni ẹ máa lò: M = 4π²a³ ÷ GT². M ni ìwọ̀n tá à ń wá. a, ìyẹn bí wọ́n ṣe jìnnà síra, jẹ́ 1,190 mítà. T jẹ́ wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55, ẹ sọ ọ́ di sẹ́kọ́ńdì, ó jẹ́ 42,900. G, 6.674 × 10⁻¹¹. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ níbí o, ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe é tì nìyí, wọ́n á fi kìlómítà àti wákàtí sílẹ̀ láì yí i padà, ohun tí wọ́n máa rí ò ní jọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, òkè á jẹ́ nǹkan bí 6.65 × 10¹⁰, ìsàlẹ̀ á jẹ́ 0.123, ìdáhùn 5.4 × 10¹¹ kìlógíráàmù. Mílíọ̀nù 540 tọ́ọ̀nù nìyẹn. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ ni o, àmọ́ kékeré yẹn ò tó ìdá 1 nínú 100, ẹ lè gbójú kúrò lára ẹ̀.

Nígbà tí DART, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ sọ yẹn, ń sún mọ́ wọn ní 2022, kámẹ́rà ẹ̀ jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe tóbi gan-an. Didymos, ìyẹn ńlá, jẹ́ 851 mítà síhìn-ín, 849 sọ́hùn-ún, àmọ́ 620 péré láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ́ lókè ó tẹ́ nísàlẹ̀ ó wá yọ ikùn láàárín. Dimorphos, 177, 174 àti 116 mítà. Ẹ fi π/6 ṣe ìsọdipúpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ sì ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí bíi 2.36 × 10⁸ mítà kúbíìkì, ẹ wá fi pín ìwọ̀n tẹ́ ẹ rí lẹ́ẹ̀kan: nǹkan bí 2,300 kìlógíráàmù nínú mítà kúbíìkì kan. Ibí ló ti wá dùn. Irú òkúta yìí máa ń já bọ́ sáyé, a ní wọn lọ́wọ́, tí ẹ bá wọn èyí tó ṣù pọ̀ dáadáa ó máa ń lé ní 3,000. Kí ló wá dé tí Didymos fúyẹ́ báyìí? Àlàfo ló wà nínú ẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe àpáta kan tó ṣù pọ̀, ó dà bí òkìtì gíráníìtì tí típà wá já sílẹ̀ níwájú sáìtì, òkúta lórí òkúta, òòfà (gravity) díẹ̀ tó wà láàárín wọn ló so wọ́n pọ̀. Fọ́tò tó kẹ́yìn tí DART rí yà tán kó tó kan Dimorphos, nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì méjì ló kù, ilẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ ò ju 31 mítà lọ ní fífẹ̀, òkúta ló kún ibẹ̀ bámúbámú, kò sí ibi tó tẹ́jú.

Ẹ tún lè fún àwọn tó yára nínú wọn ní èyí. Didymos ń yí lójú kan ní wákàtí 2.26, ìdajì fífẹ̀ ẹ̀ láàárín ikùn jẹ́ bíi 425 mítà. Ẹ ní kí wọ́n fi ω²r (ω ni 2π tá a fi sẹ́kọ́ńdì ìyípo kan pín) wá agbára tó ń ju nǹkan sóde níbẹ̀, wọ́n á rí 2.5 × 10⁻⁴ m/s². Kí wọ́n wá fi GM/r² wá òòfà tó ń fà á mọ́lẹ̀, wọ́n á rí 2.0 × 10⁻⁴. Wọ́n máa pariwo, wọ́n á ní sà, ó yẹ kó ti tú ká! Ẹ sọ fún wọn pé GM/r² gbà pé òkúta náà rí roboto, èyí sì tẹ́ pẹlẹbẹ, òòfà níbi ikùn ẹ̀ lágbára díẹ̀ ju ohun tí wọ́n rí lọ, síbẹ̀ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, òkúta tó wà níbi ikùn yẹn kàn fara rọ ilẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni Dimorphos ti jáde wá, ìyẹn lohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà. Ìtànṣán oòrùn tó ń lu òkúta tí ara ẹ̀ ò dọ́gba máa ń tì í díẹ̀díẹ̀, torí bó ṣe ń tú ooru yẹn padà sóde ò bára mu ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, YORP ni wọ́n ń pe nǹkan yìí, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn mẹ́rin tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ìtì yẹn kéré débi pé ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan, àmọ́ fi í sílẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, òkúta á máa sáré yí sí i, sí i, títí èyí tó wà lókè á fi máa yọ̀ lọ síbi ikùn, á bọ́ kúrò, á wá ṣù jọ lóde. Kì í ṣe Didymos nìkan o, nínú àwọn ásítẹ́rọ́ìdì itòsí wa tó ju 200 mítà lọ, bí 15 nínú 100 ló ní irú èkejì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp wá ńkọ́. Irọ́ ni, ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí yẹn. Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2022 tí DART kọlù ú, mílíọ̀nù 11 kìlómítà ló jìnnà sí wa, kékeré ló sì gbá, kì í ṣe ńlá, torí ohun tí wọ́n fẹ́ yí padà ni bí kékeré ṣe ń yí ńlá po, èyí tá a lè fi aago wọ̀n láti ilẹ̀. Ọkọ̀ náà wúwo tó bíi 580 kìlógíráàmù, ó ń sáré 6.1 kìlómítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Wọ́n ní tí wákàtí 11 ìṣẹ́jú 55 yẹn bá fi sẹ́kọ́ńdì 73 péré yí padà, iṣẹ́ yọrí. Ìṣẹ́jú 33 ló fi dín! Ohun tó sì fà á dára fún kíláàsì yín: ẹ fi ìwọ̀n ọkọ̀ àti eré ẹ̀ ṣe ìṣirò momẹ́ńtọ̀ọ̀mù, kẹ́ ẹ gbà pé Dimorphos jẹ́ 4.3 × 10⁹ kìlógíráàmù, ẹ ó rí i pé kò yẹ kí eré Dimorphos yí ju bíi 0.8 mìlímítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan lọ. 2.7 ni wọ́n rí. Ibo ni ìyókù ti wá? Òkúta àti eruku tó tú jáde sẹ́yìn níbi ìkọlù ló tún tì í sí i, àwọn tẹlisíkóòpù ní Chile rí ìrù eruku yẹn tó gùn ju 10,000 kìlómítà lọ. Ẹ wá fi 2.7 mìlímítà yẹn wé 17 sẹ̀ǹtímítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan tí Dimorphos fi ń yí Didymos po, ẹ ó rí bó ṣe kéré tó, gbogbo ohun tó sì ṣe fún un ni pé ó fi bíi 35 mítà sún mọ́ Didymos sí i.

Ní ti ọ̀nà tí àwọn méjèèjì jọ ń gbà yí oòrùn po, ọjọ́ 770 ni ìyípo kan. Tí ayé bá jìnnà sí oòrùn ní 1, ibi tí Didymos ti ń sún mọ́ oòrùn jù jẹ́ 1.01, ibi tó ti jìnnà jù jẹ́ 2.27, ó kọjá Mars dáadáa nìyẹn. Ó ń dé ẹnu ọ̀nà wa lóòótọ́, ìdí tí wọ́n fi kà á mọ́ àwọn tó yẹ ká máa ṣọ́ nìyẹn, àmọ́ ibi tí ọ̀nà ẹ̀ àti tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra jù, ìlọ́po 15 bí òṣùpá ṣe jìnnà sí wa ló ṣì jẹ́. Ní 2123 tó máa sún mọ́ wa ju ti 2003 lọ, á ṣì fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 kìlómítà jìnnà. Torí pé kò lè ṣe wá ní nǹkan kan ni wọ́n ṣe mú un.

Mo sọ pé "kẹ́ ẹ gbà" ní 4.3 × 10⁹ yẹn, ọmọ yín á bi yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ. Dimorphos ò ní òṣùpá tiẹ̀, ọ̀nà tá a fi wọn Didymos ò ṣiṣẹ́ fún un, a kàn gbà pé déńsítì àwọn méjèèjì, ìyẹn ìwọ̀n tó wà nínú mítà kúbíìkì kan, jọra ni. Ọkọ̀ Hera tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2024 ló ń lọ wọ̀n ọ́n, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ Mars kọjá ní oṣù kẹta 2025, ìparí 2026 ni wọ́n ṣètò pé kó débẹ̀, ó gbé ọkọ̀ kéékèèké méjì dání, Milani àti Juventas, Juventas ló ní rédà tó máa wo inú òkúta náà.

Tẹlisíkóòpù ínṣì mẹ́rin yín ò lè rí Didymos, ẹ má fìyà jẹ ara yín, kódà ní 2022 tó sún mọ́ wa yẹn ó ṣú ju ohun tí ojú lè fi ínṣì mẹ́rin rí lọ. Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá fi ìràwọ̀ Algol kọ́ wọn, ìràwọ̀ méjì tó ń bo ara wọn ni, kò gba tẹlisíkóòpù kankan. Ọjọ́ 2, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49 ni ìyípo ẹ̀, tí àkókò bá tó á ṣú wálẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, á tún mọ́lẹ̀ padà. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ẹ ó rí i lálẹ́ lápá àríwá, kí ọyẹ́ má kàn fi eruku bò ó ni. Kí àwọn ọmọ máa fi wé Almach tó wà nítòsí ẹ̀, lọ́jọ́ gbogbo àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ dọ́gba, lálẹ́ tí Algol bá ṣú wọ́n máa rí i lójú kòrókòró pé kò tó Almach mọ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá wò ó, títí kan alẹ́ tí nǹkan kan ò yí padà, torí àìmọye alẹ́ tó dákẹ́ yẹn náà wà nínú ohun tí wọ́n máa fi mọ ìyípo ẹ̀.