Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ò Tó Ni, Tá A Tún Fi Ń Wá Olórí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Pálọ̀ arákùnrin kan la ti bẹ̀rẹ̀ fẹ́lóṣíìpù wa, àwa mẹ́fà péré, ní báyìí a ti lé ní ogójì, kọ́rídọ̀ làwọn míì ń jókòó sí. A ò ní pásítọ̀, a ò ní kọmitíì, a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, torí onílé sọ pé ibi tẹ́ni méjì tàbí mẹ́ta bá ti péjọ lórúkọ Jésù ti tó, oyè àti kọmitíì nǹkan ayé ni. Mo fẹ́ràn ẹ̀ nígbà yẹn, torí ohun tójú mi rí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti kúrò. Ṣùgbọ́n Kérésì tó kọjá a dáwó ìrẹsì fáwọn opó, opó méjì gbà á lẹ́ẹ̀mejì, màmá kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ò rí hóró kan, owó tó ṣẹ́ kù, kò sẹ́ni tó lè sọ ọwọ́ ẹni tó wà. Mo béèrè, wọ́n ní mo fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ṣé èmi ni mi ò nígbàgbọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Sísítà wa, ẹ ò ṣe nǹkan kan o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ opó yìí gan-an ló dá awuyewuye sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìjọ tí iná sọ̀ lé lórí ní Pẹ́ńtíkọ́sì nìjọ yìí o! Àwọn àpọ́sítélì ò sì sọ fún wọn pé ẹ lọ gbàdúrà sí i, ọkàn yín ò mọ́. Wọ́n ní kí ìjọ fúnra ẹ̀ yan ọkùnrin méje tó lórúkọ rere, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Ẹ wo orúkọ wọn, Sítéfánù, Fílípì, Nikanórì, Tímónì, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo méjèèje. Àwọn tó ń ráhùn ni wọ́n gbé ṣíbí ìpínjẹ fún, èmi ò rò pé ó ṣèèṣì.

Ṣé ẹ rí i pé fẹ́lóṣíìpù yín ní olórí? Onílé ni. Òun ló ń sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe àtohun tẹ́ ò ní ṣe, ṣùgbọ́n torí pé ẹ ò fi í jẹ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó lè bi í ní ìbéèrè. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju pásítọ̀ tó ń wọ kóòtù àti táì lọ.

Ẹ tún wo ilé wa níbí. Nígbà ìsọjí Òkè-Ooye n'Íléṣà lọ́dún 1930, èrò ò gbẹsẹ̀, Joseph Ayọ̀ Babalọlá tó ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì tẹ́lẹ̀ ni Ọlọ́run ń lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń to Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943, ajíhìnrere ni Babalọlá, Odùbánjọ àti Akínyẹlé ló ń bójú tó ètò, Akínyẹlé yìí náà ló wá di Olúbàdàn yín ní 1955. Ẹni tó bá sọ pé bébà ń pa iná Ẹ̀mí, kó wá ṣàlàyé ìyẹn.

Òótọ́ ni, oyè máa ń gun èèyàn, mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn olóyè ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ọmọ ìjọ lọ, Pétérù sì ti kìlọ̀ fáwọn alàgbà pé kí wọ́n má jẹ olúwa lé agbo lórí. Ẹ má dé fìlà bíṣọ́ọ̀bù fẹ́nì kankan. Ẹ yan ẹni mẹ́ta tí gbogbo yín gbẹ́kẹ̀ lé, kẹ́nì kan máa kọ̀wé, kẹ́nì kan máa mú owó lọ́wọ́, kẹ́nì kẹta máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì máa kà á sétígbọ̀ọ́ ìjọ lóṣooṣù. Pọ́ọ̀lù gan-an nígbà tó fẹ́ gbé owó ìrànwọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó mú àwọn míì dání káráyé má bàa fẹ̀sùn kàn án, ó wà nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8.

Ẹ kọ́kọ́ bá onílé sọ ọ́ láyè ọ̀tọ̀, ẹ má gbé e sórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò pè wọ́n lólè. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ bá mi wọn ìrẹsì díẹ̀ lọ fún màmá ẹ̀yìnkùlé yẹn, torí Kérésì ti pẹ́.