Ṣé Tílẹ̀ Bá Ṣú, Ìjọba Máa Ń Sùn Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Houston ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Láàárọ̀ tí mo bá ń gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé, gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ rírùn bá wà nínú orin ni rédíò ti máa ń pa á rẹ́, olórin á kàn dákẹ́ díẹ̀, á tún máa bá orin ẹ̀ lọ. Àmọ́ Tuesday tó kọjá, aago 11 alẹ́ ku díẹ̀, rédíò yẹn kan náà ni o, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan ń sọ níbẹ̀, èmi nìkan ni mo wà nínú mọ́tò, síbẹ̀ mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Ṣé ìjọba ti sùn ni? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ìjọba ò sùn, òfin ló fàyè gbà á. FCC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ló ní láti aago 6 àárọ̀ sí 10 alẹ́, rédíò ò gbọdọ̀ máa sọ̀sọkúsọ. Tó bá ti lé ní 10, wọ́n gbà pé ọmọdé ti lọ sùn (tèmi kì í sùn nígbà yẹn o). Èyí tó bá jẹ́ ìṣekúṣe pọ́nńbélé ni ò ní aago kankan, tọ̀sán tòru ni wọ́n kà á léèwọ̀.

Inú mọ́tò náà lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ṣá, bíi tiyín. Lọ́jọ́ 30 October 1973, ọ̀sán gangan, rédíò WBAI ní New York gbé àwàdà George Carlin sáfẹ́fẹ́, ibi tó ti ń ka àwọn ọ̀rọ̀ téèyàn ò lè sọ lórí rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan àti ọmọ ẹ̀ gbọ́ ọ nínú mọ́tò, ni bàbá bá kọ̀wé sí FCC. Ẹ wo ẹjọ́ tíyẹn dà! Ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 1978 adájọ́ 5 dá FCC láre, 4 ní àwọn ò gbà. Ohun tí wọ́n rí wò ni pé ọmọ tí ò tíì mọ̀wé ò lè ka ìwékíwèé, àmọ́ rédíò, etí lásán ló nílò, kẹ́ ẹ sì tó yí i kúrò, ó ti wọlé.

Spotify àti rédíò sátẹ́láìtì ò sí nínú òfin yẹn o, torí ẹ̀ ni Howard Stern, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí FCC ò jẹ́ kó sinmi nítorí ìsọkúsọ, ṣe kó lọ sí Sirius, rédíò sátẹ́láìtì, ní January 2006. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé owó ìtanràn rédíò tó bá rú òfin náà láti dọ́là 32,500 sí 325,000, òdo kan péré ni wọ́n fi kún un!

FCC kì í jókòó ti rédíò, wọn ò sì lè sọ pé kí wọ́n má gbé ètò kan jáde kó tó jáde. Ẹni tó bá gbọ́ ló ń fẹjọ́ sùn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ kó tó di 10, ẹ kọ orúkọ rédíò náà, ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ yẹn gan-an bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, ẹ má tijú. Nílé, NBC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, náà ń ṣe irú ẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n má lu orin báyìí mọ́. Àmọ́ àwọn onífújì wa, ọ̀rọ̀ onítumọ̀ méjì ni tiwọn, wọ́n á ní iṣu làwọn ń gún lódó, ta ló máa mú wọn?

Ti Tuesday yẹn, ó ti kọjá 10, ẹ ò lẹ́jọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ yí i síbòmíì.