Ṣé Ibojì Ni Àwọn Òkìtì Orí Dartmoor?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Èmi àti àwọn ọmọ mi lọ nasẹ̀ ní Dartmoor, ilẹ̀ olókè gbayawu ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì rí àwọn òkìtì gbọọrọ kan tí koríko ti bò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Àkọ́bí mi ní ibojì àwọn ará àtijọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé yín, Plymouth.

ÌDÁHÙN: Àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ pàápàá ka irú òkìtì bẹ́ẹ̀ sí ibojì, nítorí náà, ẹ má bá ọmọ wí. Ṣùgbọ́n bí òkìtì náà bá gùn tó mítà 15 sí 40, tí orí rẹ̀ tẹ́, tí yàrà tí kò jìn sì yí i ká, ilé tí àwọn ènìyàn mọ fún ehoro tí wọ́n ń sìn ni.

Ilẹ̀ Sípéènì àti Pọtugí ni irú ehoro yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rabbit, ti ṣẹ̀ wá. Àwọn Norman, àwọn ará àríwá Faransé tí wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n mú un wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá. Òtútù àti ọ̀rinrin ibẹ̀ kò bá a lára mu, ìdí nìyí tí àwọn tí ń sìn ín fi kó erùpẹ̀ rírọ̀ jọ fún un, tí wọ́n tilẹ̀ ń la ihò sínú òkìtì náà sílẹ̀ dè é, tí yàrà sì ń fa omi kúrò kí ihò má baà kún. Ẹran àti awọ rẹ̀ níye lórí púpọ̀, àwọn tí ọba fún láṣẹ nìkan ni ó sì lè sìn ín. Ní Thetford, ní agbègbè Norfolk ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé olùṣọ́ ehoro tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1400 ṣì wà lórí ìdúró: olókùúta ni, ògiri rẹ̀ nípọn bíi ti odi, nítorí olè tí ń dọdẹ ehoro lóru kì í wá lọ́wọ́ òfo.

Bí ẹ bá padà lọ, ẹ wo àyíká òkìtì náà dáadáa. Ẹ lè rí ògiri òkúta kúkúrú méjì tí ó ń sún mọ́ ara wọn títí wọ́n fi já sí ihò tóóró kan. Pàkúté nìyẹn: stoat, ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń wọlé tọ ehoro lọ láti pa á jẹ, a máa tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri wọ inú rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ a sì já bọ́ dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Ní tèmi, òun ni ẹ̀rí tí ó dájú jù lọ pé ehoro ni wọ́n ń sìn níbẹ̀.

Àmọ́ o, ọ̀pọ̀ òkìtì Dartmoor kò tó ilé olùṣọ́ Thetford yẹn lọ́jọ́ orí, ìrísí nìkan kò sì lè sọ ọdún tí wọ́n mọ ọ́n. Òfin dáàbò bo púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà, kí àwọn ọmọ má ṣe gbẹ́ ibẹ̀.