Abo Ajá Méjì Tí Wọn Kò Rẹ́ Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Abo ajá méjì ni mo ń sìn. Ẹ̀gbọ́n ti pé ọmọ ọdún 7, àbúrò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún 2. Wọ́n jọ ń ṣeré, wọ́n jọ ń sùn, kó tó di pé ìjà dé ní nǹkan bí oṣù 4 sẹ́yìn. Bí mo bá ti wọlé báyìí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kọlu ara wọn. Mo na ẹ̀gbọ́n títí tó fi dẹ́kun kíkùn, àmọ́ ní báyìí, ṣe ló kàn ń bu àbúrò jẹ láìkùn rárá. Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á tán, pé èyí tó bá borí ni yóò di ọ̀gá. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà, ẹ jọ̀wọ́. Ìjà ajá tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan kì í sábà tán síbẹ̀. Èyí tó jìyà lónìí yóò máa bẹ̀rù, ìbẹ̀rù náà ni yóò sì mú kó tètè ṣíjà lọ́la, pàápàá láàárín abo sí abo, tí ìjà wọn sábà máa ń le, tó sì máa ń ṣòro parí. Ọjọ́ orí àbúrò náà ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín ọdún 1 sí 3 ni ìwà ajá máa ń gbó, ohun tó sì ń fi sílẹ̀ fún àgbà nígbà tó wà lọ́mọdé lè di ohun tí kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni mú mọ́.

Ọ̀rọ̀ nínà ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Ìkìlọ̀ ni kíkùn jẹ́, kì í ṣe àfojúdi: ajá tó ń kùn ń sọ fún èkejì pé kó sún sẹ́yìn, èkejì a sì máa gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹgba yín kò mú ìbínú kúrò nínú ẹ̀gbọ́n. Ìkìlọ̀ nìkan ló pa mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì tún kọ́ ọ pé bí àbúrò bá ti sún mọ́ òun, ìyà ń bọ̀. Àmì tó ń ṣáájú kíkùn ni kí ẹ máa wá: ara tó le gbagidi, ojú tó ranjú mọ́ èkejì, ẹnu tó dé pinpin lójijì. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe ọ̀kan kúrò.

Ẹ tètè gbé ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, nítorí oríkèé ríro, etí dídùn tàbí eyín tó ti jẹrà lè wà lára ajá kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ìrora a sì máa sọ onísùúrù di oníjà.

Àwọn àgbà ní ajá tó bá ní ẹni lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Ẹ̀yin gan-an ni ẹni ẹ̀yìn náà, lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ẹnu ọ̀nà sì há, inú wọn sì ń ru sókè nígbà tí ẹ bá dé. Kí wọ́n wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ wọlé jẹ́ẹ́, ẹ jókòó, kí ara wọn silẹ̀, kí ẹ tó lọ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ àti egungun náà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì ni kí kálukú ti jẹ tirẹ̀, kí ẹ sì kó abọ́ kúrò kí ẹ tó ṣí i.

Bí ìjà bá tún bẹ́, ẹ má ti ọwọ́ bọ àárín wọn, ẹ má sì di ọrùn wọn mú, torí ajá tó ń jà kì í wo ẹni tó ń bù jẹ. Omi, ariwo ńlá, tàbí pátákó tí ẹ tì bọ àárín wọn ló sàn. Bí eyín bá kàn yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an nítorí dìgbòlugi, bó tilẹ̀ jẹ́ ajá yín.

Lẹ́yìn ìjà, kí wọ́n má fojú kanra fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin mú ajá kan lókùn, kí ọkọ yín mú èkejì (iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ ju wíwòran ìjà lọ nìyí), kí ẹ jọ máa rìn sí apá ibì kan náà, pẹ̀lú àlàfo tó fẹ̀ débi pé kò sí èyí tó ń ranjú mọ́ èkejì. Ẹ máa dín àlàfo náà kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ara ọ̀kan bá le, ẹ padà sí ti àná. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè gba oṣù. Bí ẹ bá ti fi sùúrù ṣe gbogbo èyí tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde, ẹ wá ilé rere mìíràn fún ọ̀kan nínú wọn, tàbí kí ẹ gbà pé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò máa gbé títí lọ.