Ẹja aṣọ tí mágnẹ́ẹ̀tì kò gbé

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Òwú tẹ́ ẹ kì sínú ni kò jẹ́ kí mágnẹ́ẹ̀tì ọ̀pá ìpẹja yín gbé àwọn ẹja felt (aṣọ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀) tẹ́ ẹ rán fáwọn ọmọ láti fi ṣeré. Ikùn lẹ fi wọ́ṣà (òrùka irin pẹlẹbẹ) sí, òwú wá bò ó. Ẹnu ẹja ni kó wà, kó lẹ̀ mọ́ aṣọ.

1. Ẹ kọ́kọ́ fi mágnẹ́ẹ̀tì dán wọ́ṣà wò. Bó bá jẹ́ idẹ, kò ní fà á.
2. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gba ihò rẹ̀ kọjá bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kó dúró.
3. Ẹ wá ki òwú sí i, díẹ̀ ni o. Tèmi àkọ́kọ́ wú bí àkàrà.

Ẹ má ṣẹ́ etí felt. Wọn ò hun ún, kì í tú. Àdìrẹ Ìtòkú tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe lẹbẹ ló máa tú, òun ni kẹ́ ẹ ṣẹ́ létí.

Àmọ́ ọmọ tó ti ju ọdún 3 lọ ni mò ń sọ o. Bí àbúrò wọn bá ṣì ń ki nǹkan bọnu, ẹ yọ mágnẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá. Tó bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn nínú ìfun, kí wọ́n dá a lu. Ẹ rán okùn ribiti sẹ́nu ẹja, kí wọ́n máa fi ìkọ́ igi gbé e.